Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Ìtàn Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Ìlú ní Nàìjíríà

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ìtàn ọkọ̀ ojú irin tí ń gbé èrò kiri inú ìlú ńlá, láti ayé àwọn amúnisìn títí di òde òní. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ọmọ Òsì tàbí ọmọ Ìlọ́fà fẹ́ fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni pé kò sí ojú irin kankan ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí rélùwéè láti ibẹ̀ ní láti wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀fà tàbí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n kò sí agboolé kan ní àgbègbè náà tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan ní Èkó tàbí Àbújá, àwọn wọ̀nyí sì ni wọ́n ń jí ní ìdájí láti du àyè nínú ọkọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí a ó ti rí i níwájú, owó tí a fi ṣe irú iṣẹ́ báyìí lè di gbèsè tí gbogbo wa ń san, yálà a gun ọkọ̀ náà tàbí a kò gùn ún.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Òwe náà ń kọ́ wa pé bí olórí bá yí padà, ìṣe àti ètò ìlú a máa yí padà pẹ̀lú. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ ohun tí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí fi hàn ni pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọn kò lè fara da òwe yẹn. Ojú irin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ tí ó ń gba ọdún mẹ́wàá tàbí ogún kí ó tó parí kò lè bá ọba kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí ó sì bá a parí. Ó ní láti la ìgbà ọba púpọ̀ kọjá. Ibi tí a ti gbà á láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ti dúró. Ibi tí a kò ti gbà á láyè ni gbèsè ti ṣẹ́kù láìsí ọkọ̀.

Orúkọ tí a sọ ọ́

Kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò, nítorí pé èdè a máa pa ìtàn mọ́. Lọ́dọ̀ Yorùbá àtijọ́, ohun tí a ń tù lórí omi ni ọkọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní atukọ̀, tí a sì ní èbúté. Nígbà tí àwọn Òyìnbó kó oríṣiríṣi ohun ìrìnnà dé, a kò wá ọ̀rọ̀ tuntun lọ títí. Ọkọ̀ náà ni a mú, a sì fi ibi tí ó ń gbà rìn ṣe ìyàtọ̀: ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfurufú. Àwọn kan láyé ìjọ́un tilẹ̀ ń pe ọkọ̀ ojú irin ní ọkọ̀ ilẹ̀, nítorí ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ fún wọn pé ọkọ̀ lè kúrò lórí omi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni a yá rélùwéè láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú. Rélùwéè ni ojú irin, òun náà ni ọkọ̀ tí ń gba orí rẹ̀, òun ni ibùdó tí a ti ń wọ̀ ọ́, òun sì ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sí rélùwéè, ibùdó ni ó ń sọ. Bí ó bá ní bàbá òun ṣiṣẹ́ rélùwéè, ilé-iṣẹ́ ni ó ń sọ. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dà láàmú.

Èyí tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ ni a kò tíì ní orúkọ tí ó fìdí múlẹ̀ fún. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń pè é. London ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo ayé, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1863, láti Paddington dé Farringdon. Boston ní Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1897, New York ní 1904. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Cairo ní Íjíbítì ni ó ṣíwájú ní 1987, Algiers sì ṣe tirẹ̀ ní 2011.

Títí di àkókò tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, kò sí èyí tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Erùpẹ̀ iyanrìn àti àbàtà ni ó pọ̀ ní Èkó, ọ̀sà ní apá kan, òkun ní apá kejì. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ kò ní pẹ́ kan omi. Bẹ́ẹ̀ ni ihò abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gba owó jù lọ nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà ṣe ojú irin. Nítorí náà, èyí tí ń gba orí ilẹ̀ àti orí afárá ni a ní. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan náà, lójú ọ̀nà tí mọ́tò kò lè dí mọ́ wọn.

Láti Ìddó dé Jẹ́bà

Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin ìjọba Èkó, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà. Carter lọ ní 1897, Henry McCallum gbapò rẹ̀. McCallum lọ ní 1899, William MacGregor dé. Ní oṣù kẹta ọdún 1901, lábẹ́ MacGregor, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Walter Egerton ni ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ tirẹ̀ ni ojú irin náà sì dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya ní 1909. Ní apá Àríwá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti Baro ní 1907, èyí sì dé Kánò ní 1911. Ní 1912 ni wọ́n da méjèèjì pọ̀. Ní 1916 ni afárá Jẹ́bà parí tí ọkọ̀ fi lè ré odò náà kọjá tààrà.

Ẹ wò ó dáadáa. Gómìnà mẹ́rin ni ó jẹ láàárín Ìddó àti Jẹ́bà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dé orí àléfà tí ó ní kí wọ́n hú irin tí ẹni ìṣáájú tẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn wa ju àwọn olórí wa lọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni kò yí padà: kòkó, ekùrọ́, epo pupa, òwú àti ẹ̀pà ni wọ́n fẹ́ kó dé etí òkun, ọjà ilẹ̀ wọn ni wọ́n sì fẹ́ kó wọ inú ilẹ̀ wa. Ọ̀gá kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ iṣẹ́ fún ní London. Àwọn gómìnà ń pààrọ̀ ara wọn, ṣùgbọ́n ìgbà kan náà ni wọ́n wà. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà parí nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe tiwa ní pàtàkì.

Ó yà sí Ọ̀fà, kò yà sí Òsì

Ohun tí wọ́n ń wá yìí náà ni ó pinnu ibi tí irin yóò gbà. Láti Òṣogbo, ó gba Ìkirun, ó gba Òkukù, ó gba Ọ̀fà kí ó tó dé Ìlọrin, nítorí pé ibi tí wọ́n ti lè ré odò Ọya kọjá ni wọ́n dojú kọ. Àwọn ìlú tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn, Òmù-Àrán, Òsì, Ìlọ́fà, Òdò-Ọwá, Òbó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tí ó ní ẹrù láti tà ní àgbègbè náà ní láti wá bí yóò ṣe gbé e dé ibùdó. Ọ̀fà ń gbèrú, ọjà ń tẹ̀ lé irin. Àwọn ìlú tí ó kù ń wò ó láti òkèèrè.

Ìgbà kan náà ni ààlà àwọn amúnisìn pín àwọn ènìyàn kan náà sí méjì. Èkìtì kan wà ní Gúúsù, Èkìtì kejì, tí Òsì àti Ìlọ́fà wà nínú rẹ̀, bọ́ sí abẹ́ Ìlọrin ní Àríwá. Ìdí nìyí tí àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà fi ń pe ìlú kan ní Òsì-Ìlọrin nínú ìwé wọn, nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa Aréògún, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére tí ó kú ní 1954, àti Bándélé ọmọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére. Iṣẹ́ ọwọ́ Aréògún dé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ilẹ̀ Òyìnbó, ṣùgbọ́n ojú irin kò dé ìlú rẹ̀. Kì í ṣe àìmọṣẹ́ tàbí àìlérè ni ó fa èyí. Ẹni tí ó ń ya ọ̀nà irin ni ó ń yan ẹni tí ọjà yóò bá nílé. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń padà lọ sí Èkó, nítorí ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ìrísí mìíràn.

Èkó di ìlú ojú irin

Àwọn kan rò pé ọkọ̀ ojú irin inú ìlú jẹ́ ohun tuntun ní Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1902, ọdún kan lẹ́yìn tí rélùwéè dé Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Ìddó àti Erékùṣù Èkó. Ẹ́ńjìnnì tí ooru omi ń gbé ṣiṣẹ́ ni ó ń fà á. Ó ń gbé èrò àti ẹrù gba orí afárá Carter. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ mìíràn kún tirẹ̀: ìgbẹ́ tí àwọn agbépòó kó láti ilé dé ilé ni ó ń gbé lọ sí etí omi. Iṣẹ́ gbígbé èrò kò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró, iṣẹ́ ìmọ́tótó ni ó gbẹ̀yìn, ní 1933 ni gbogbo rẹ̀ sì wá sí òpin. Láti ìgbà náà, mọ́tò ni ó gba ìgboro.

Ṣùgbọ́n ojú irin ńlá tí ó lọ sí Ìbàdàn ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn tí ó tẹ́ ẹ kò rò. Èbúté-Mẹ́ta, Yábàá, Múṣin, Òṣòdì, Ìkẹjà, Agége: gbogbo àwọn àdúgbò wọ̀nyí ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, wọ́n sì fẹ̀ títí wọ́n fi so kọ́ra. Irin tí wọ́n tẹ́ fún ẹrù oko di ọ̀pá ẹ̀yìn ìlú. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè ti Nàìjíríà, tí ó di àjọ aládàádúró ní 1955, ní ọkọ̀ tí ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti apá Ìjòkò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wá sí Ìddó. Ọ̀pọ̀ wa ni a ti rí fọ́tò àwọn èrò tí wọ́n jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá gun òrùlé ọkọ̀ tí ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kò ṣeré. Ohun tí ó ń sọ fún ìjọba ni pé ọkọ̀ kò tó.

Jákáńdè àti ọkọ̀ tí kò dé

Lateef Káyọ̀dé Jákáńdè, oníròyìn, ni ó kọ́kọ́ jẹ gómìnà alágbádá tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Ìjọba rẹ̀ ni ó gbé ètò Metroline kalẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tí yóò gba orí afárá kọjá láàárín ìlú. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Interinfra ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà ni àwọn ológun gba ìjọba, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari di olórí orílẹ̀-èdè, wọ́n sì yan Gbọ́láhàn Mudashiru sí Èkó. Ní 1985, wọ́n fagi lé Metroline.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ wọn: wọ́n ní àwíjàre. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, gbèsè ti wọ orílẹ̀-èdè lọ́rùn, iṣẹ́ náà sì gbówó lórí. Olórí tí ó bá dé irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè béèrè pé ṣé ọkọ̀ ojú irin ni ó kàn. Ohun tí àwíjàre yìí kò ká ni ìnáwó ìfagilé. Nígbà tí wọ́n fa ìwé àdéhùn ya, owó tí ó ṣègbé ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ, àwọn ará Èkó ni ó sì gbé e. Wọ́n san owó ọkọ̀ tí wọn kò gùn. Mólúè àti dánfó ń bá iṣẹ́ lọ, ìlú ń fẹ̀ sí i, ilẹ̀ tí irin ìbá gbà láìsí wàhálà ń di ilé. Iṣẹ́ tí a sún síwájú ní Èkó kì í dúró ní iye tí ó wà.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí wé ọ̀rọ̀ Carter àti Egerton. Ojú irin àwọn amúnisìn kì í ṣe tiwa, ó parí nítorí pé ìfẹ́-inú kan ni ó ń darí rẹ̀ láti gómìnà dé gómìnà. Metroline jẹ́ tiwa, fún òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò Èkó ni wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀, ó kú nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Ìṣẹ́ Jákáńdè ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Jákáńdè kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó rò pé òun jẹ ọmọ náà ní gbèsè ìtọ́jú.

Ogójì ọdún

Ó di 2002 kí ìjọba Èkó tó fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ìrìnnà ìlú, èyí tí a mọ̀ sí LAMATA. Bọ́lá Tinúbú ni gómìnà nígbà náà. Lábẹ́ Babátúndé Fáṣọlá ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line fún ilé-iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Fáṣọlá parí sáà rẹ̀ ní 2015, Akínwùnmí Ámbọ̀dé dé, ó lọ ní 2019, Babájídé Sanwó-Olú dé. Iṣẹ́ náà falẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú ènìyàn, àwọn òpó rẹ̀ wà ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tí ó fagi lé e.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2. Ibùdó márùn-ún ni ó ní: Marina, National Theatre, Orílé-Ìgánmú, Sùúrù-Àlábà àti Mile 2. Ààrẹ tí ó ṣí i ni Muhammadu Buhari, ẹni kan náà tí ìjọba ológun rẹ̀ wà lórí àléfà nígbà tí wọ́n fagi lé Metroline. Ẹni tí ó bá ní kò sí àwàdà nínú ìtàn, kí ó wo ọjọ́ yẹn. Jákáńdè kò rí i, ó ti papò dà ní oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 91. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, ogójì ọdún gééré lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Metroline. Iná mànàmáná ni ó ń lò. Káàdì tí a fi ń san owó rẹ̀ ń jẹ́ Cowry, èyí tí í ṣe owó ẹyọ. Inú onímọ̀ èdè yóò dùn pé owó àwọn baba ńlá wa padà dé ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀.

Red Line tẹ̀ lé e. Ààrẹ Tinúbú ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Kìlómítà 27 ni, ibùdó mẹ́jọ: Àgbàdo, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá àti Òyíǹgbò. Ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn kà. Ipa ọ̀nà tí wọ́n yà ní ayé Carter ni a ṣì ń tọ̀. Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, ni ó ń gbà, èyí tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Ọ̀nà tí a yà fún kòkó ní 1896 ni òṣìṣẹ́ ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 120.

Ìtàn àwọn ọkọ̀ tí Èkó rà fún Red Line tún ya ni lẹ́nu. Talgo ni orúkọ wọn. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe wọ́n, lábẹ́ Gómìnà Jim Doyle, ní 2009. Scott Walker, tí ó borí ìdìbò ní 2010 tí ó sì gbapò rẹ̀ ní 2011, kò fẹ́ ètò náà. Wọ́n ṣe ọkọ̀ náà tán, kò sí ibi tí yóò gbà, ó wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí Èkó fi lọ rà á ní 2022. Ṣé ẹ rí i pé òwe wa kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá? Wisconsin náà ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ohun tí ìgbà kan ní ibì kan kọ̀ sílẹ̀ ni a gbà ní ibòmíràn.

Àbújá àti Port Harcourt

Èkó nìkan kọ́ ni ó ní ìtàn yìí. Ní Àbújá, wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú fún CCECC ní 2007. Ní oṣù keje ọdún 2018 ni wọ́n ṣí kìlómítà 45 pẹ̀lú ibùdó 12, èyí tí ó so ìlú pọ̀ mọ́ pápákọ̀ òfurufú. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ó dúró. Àrùn lọ, ọkọ̀ kò padà. Àwọn olè wá ń tú irin àti wáyà rẹ̀ lọ tà. Ó di oṣù karùn-ún ọdún 2024 kí wọ́n tó tún un ṣe tí wọ́n sì tún un ṣí. Apá kan nínú owó tí wọ́n fi kọ́ ọ, mílíọ̀nù 500 dọ́là, jẹ́ ẹ̀yáwó láti ilé ìfowópamọ́ Exim ti Ṣáínà. Ìjọba àpapọ̀ ni ó yá a. Ní gbogbo ọdún tí koríko ń hù lójú irin náà, èlé kò sùn. Àgbẹ̀ ní Ìlọ́fà àti alágbẹ̀dẹ ní Òsì wà lára àwọn tí ó ń san án, bí wọn kò tilẹ̀ dé Àbújá rí. Ìdí nìyí tí mo fi sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìtàn yìí kàn wọ́n.

Ti Port Harcourt burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Rotimi Amaechi jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers, láti 2007 sí 2015, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan tí yóò máa gba orí òpó kọjá ní àárín ìlú. Ẹni tí ó gbapò rẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn òpó rẹ̀ ṣẹ́kù sójú títì, ọkọ̀ kò gba orí wọn títí di òní. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tí ó bá fi orí tì í dé òpin.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni a rí kọ́? Èkíní ni pé kì í ṣe ìmọ̀ ni a kò ní. Ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn ní ìgboro Èkó ní 1902, ọdún méjì ṣáájú èyí tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ ní New York. Kì í sì ṣe owó nìkan. Owó wà tí a fi san ìtanràn Metroline. Ohun tí ó sọnù ni ìgbà tí ó gùn ju ìgbà ọba kan lọ.

Èkejì ni pé irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ṣeé dá sílẹ̀. Àwọn amúnisìn fi àṣẹ London dá tiwọn. Èkó fi òfin 2002 àti àjọ tí kì í kúrò bí gómìnà bá kúrò dá tirẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń jọba kò yí padà púpọ̀ níbẹ̀ láti 1999, ìyẹn náà sì ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ẹ̀rí tòótọ́ tí a ń retí ni ọjọ́ tí alátakò yóò gba Èkó, tí yóò sì parí ojú irin tí kò bá a bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì tún èyí tí ó ti parí ṣe bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ Àbújá fi hàn pé ṣíṣí ọkọ̀ kọ́ ni òpin iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta kan àwa tí ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò sọ pé kí wọ́n tẹ́ irin wọ Òsì ní ọ̀la. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń wá ìbò wa ni ọ̀nà mọ́tò tí ó dára láti Òkè-Ẹ̀rọ àti Èkìtì dé Ọ̀fà, àti rélùwéè tí ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Kí a sì máa bi wọ́n léèrè lórí iṣẹ́ ẹni tí ó ṣíwájú wọn kí wọ́n tó máa ka èyí tí àwọn fẹ́ ṣe fún wa. Ẹni tí ó bá ní òun yóò parí iṣẹ́ ẹlòmíràn ni kí a fetí sí jù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ wà fún yín náà. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ ń dínkù ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin àti ní Èbúté-Mẹ́ta. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì, irin, ìtàkùn iná àti ọ̀gá ibùdó ní èdè wa, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà láàyè kí ojú irin tuntun tó dé, kò sì yẹ kí a tún máa yá tuntun nígbà tí tiwa kò tíì tán.

Ó di ìgbà mìíràn, ìgbà ire o.